999999: Orí Ni Broker Ń Kà, Kì Í Ṣe Ẹrù

Nọ́ńbà kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan: 999999. Ọ̀rọ̀ Remote Desktop Services ni, ètò Windows tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn lórí àwọn sáfà kan náà; àkójọ sáfà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní collection. Ẹni tó bá ti ṣí ètò collection kan rí nínú Server Manager, tó sì tẹ ojú ewé tí wọ́n kọ Load Balancing sí, ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáfà kọ̀ọ̀kan, àpótí méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Relative Weight, ìwọ̀n tí a fi ń fi sáfà kan wé èkejì, 100 ló ń wà nínú ẹ̀. Èkejì ni Session Limit, iye sẹ́ṣọ̀n (ìjókòó iṣẹ́ ẹnì kan lórí sáfà) tí sáfà náà lè gbà, 999999 ló ń wà nínú ìyẹn. A wò ó, a rí i pé gbogbo wọn dọ́gba, a tẹ OK, a bá tiwa lọ.

Mílíọ̀nù kan ó dín ẹyọ kan. Sáfà wo, nínú ilé iṣẹ́ wo, ló fẹ́ gba èrò tó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìtumọ̀ ẹ̀ kò ju pé wọn ò dá iye kankan, ẹni tó ni sáfà ni kó dá a. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé àpótí náà kò ṣófo. Ká ní ó ṣófo ni, ojú á tì wá, a ó sì ronú kí a tó kọ nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà ti wà níbẹ̀, ó wá dà bíi pé ẹni tó mọ̀ jù wá lọ ti bá wa rò ó tán.

Kí gan-an wá ni ojú ewé yìí ń pín? Ìdáhùn ẹ̀ kúrú, àmọ́ bí èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń yẹ ètò yìí wò á yí padà.

### Ìgbà kan ṣoṣo ló ń yàn

Òǹlò kan fẹ́ wọlé. Ohun tí RD Connection Broker, ètò tó ń darí òǹlò sí sáfà, kọ́kọ́ wò ni bóyá ẹni yìí ti ní sẹ́ṣọ̀n níbì kan tẹ́lẹ̀, yálà èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí èyí tó ti já (òǹlò ti lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí). Bó bá ní, ibẹ̀ ló máa dá a padà sí, bí ibẹ̀ ì báà ti kún fọ́fọ́. Bí kò bá ní, broker á wo iye sẹ́ṣọ̀n tó wà lórí sáfà kọ̀ọ̀kan, á fi wé weight rẹ̀, á mú èyí tí tirẹ̀ kéré jù, á darí ẹni náà síbẹ̀. Ó tán.

Ibi "ó tán" yẹn ni kí a dúró sí díẹ̀. Sẹ́ṣọ̀n tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí sáfà kan, orí sáfà yẹn ni yóò wà títí yóò fi parí. Bí CPU bá dé 98 nínú ọgọ́rùn-ún ní aago mọ́kànlá àárọ̀, kò sẹ́ni tí broker máa kó kúrò níbẹ̀ lọ síbi tó rọ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti le tó bẹ́ẹ̀, nítorí kì í wo CPU, kì í wo mẹ́mọ́rì, kì í wo díìsì. Sẹ́ṣọ̀n ló ń kà. Akọ̀wé tó ṣí Excel kan ṣoṣo àti oníṣirò owó tó ṣí ìwé ìṣirò ọdún márùn-ún pẹ̀lú táàbù Chrome ogún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lójú ẹ̀. Agbèrò ní gáréèjì pàápàá a máa wo ẹrù, á sì gba owó ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó gbé àpò gàrí méjì dání. Broker ò mọ̀ pé ẹrù wà láyé.

Òótọ́ ni pé Windows ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú sáfà kọ̀ọ̀kan. Láti Windows Server 2008 R2 ló ti ń pín CPU láàárín àwọn sẹ́ṣọ̀n kí ẹnì kan má baà jẹ gbogbo ẹ̀ tán, nígbà tó sì di Windows Server 2012, wọ́n fi díìsì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un. Inú ilé kan náà ni ìyẹn ń ṣiṣẹ́ o. Kò lè mú ẹnikẹ́ni kọjá sí ilé kejì.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí a kọ sójú ewé Load Balancing, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ètò yìí wò tó wá ń wo gíráàfù CPU ti ọ̀sán gangan, ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló ń wò.

### Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Sáfà mẹ́ta, SH1, SH2, SH3, gbogbo wọn ní weight 100. Ní òru, wọ́n fi ìmúdójúìwọ̀n Windows sí SH3, ó sì kú, ó tún tàn. Ilẹ̀ mọ́, sẹ́ṣọ̀n 12 tó já láti àná ṣì wà lórí SH1, 11 wà lórí SH2, òdo wà lórí SH3. Èèyàn 22 tí kò ní sẹ́ṣọ̀n níbikíbi ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Orí SH3 ni ẹni kìíní máa bọ́ sí. Ibẹ̀ náà lẹni kejì, ẹni kẹta, títí dórí ẹni kọkànlá. Èèyàn mọ́kànlá tẹ̀léra, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, lórí sáfà kan ṣoṣo. Wíwọlé sì ni iṣẹ́ tó wúwo jù lọ tí sẹ́ṣọ̀n máa ń ṣe lójúmọ́: ó ń so díìsì profaìlì (ibi tí fáìlì àti ètò òǹlò wà) mọ́ra láti orí sáfà fáìlì, ó ń ka Group Policy (òfin tí ilé iṣẹ́ fi lélẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀), ó ń ṣe àwọn àṣẹ tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ìwọlé (logon script), antivirus ń yẹ gbogbo ẹ̀ wò, Outlook ń ṣí. Àwọn tó wà lórí SH3 á máa wo òbìrìkìtì tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà wọn, nígbà tí SH1 àti SH2 ń sinmi. Microsoft ti rí ọ̀fìn yìí láti ìgbà Windows Server 2008. Wọ́n fi òté sí i pé ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lọ́wọ́ lórí sáfà kan kò gbọdọ̀ ju 16 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ń kanlẹ̀kùn lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá ti wọlé ti kúrò nínú iye yẹn, ẹlòmíràn á bọ́ sípò ẹ̀, èèyàn mọ́kànlá tiwa kò sì tilẹ̀ tó 16.

Lẹ́yìn mọ́kànlá àkọ́kọ́, 12, 11 àti 11 ló wà lórí wọn. Mọ́kànlá tó kù á pín sí mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́rin. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, 15, 15 àti 15 ló máa wà níbẹ̀. Ẹ ṣí Server Manager, ó dọ́gba rẹ́gírẹ́gí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú àwọn tó ní sẹ́ṣọ̀n tó já lórí SH1, ká ní márùn-ún péré ló wá síṣẹ́ lónìí. Lórí SH2, mẹ́rin. Àwọn yòókù wà lẹ́nu ìsinmi, tàbí wọ́n lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ wá ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an: mẹ́jọ lórí SH1, mẹ́jọ lórí SH2, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí SH3. SH3 ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù ń gbé, broker sì gbà pé òun ti pín in bó ṣe yẹ. Kò parọ́. Ohun tí a ní kó kà ló kà.

Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń pè wá sí ni pé SH3 kò dára, pé kí a fi mẹ́mọ́rì kún un, pé kí a dín weight rẹ̀ kù sí 70. Bí a bá sì dín in kù, inú á dùn fún ọjọ́ kan. Oṣù tó ń bọ̀, bó bá jẹ́ SH1 ló kú tó tàn lóru, òun náà á di SH3, weight 70 á sì wà lọ́rùn ẹni tí kò ṣẹ̀.

### Ètò tó ń pín ẹrù kò sí lójú ewé pípín ẹrù

Ibi tó yẹ ká wò ni ojú ewé Session nínú ètò collection yẹn kan náà. Níwájú "End a disconnected session", Never ló ń wà níbẹ̀ bó ṣe wá. Èyí ni ọmọ ìyá 999999.

Ọ̀pọ̀ òǹlò ni kò mọ̀ pé títẹ X lókè fèrèsé kì í ṣe jíjáde. Ó kàn ń já ìsopọ̀ ni. Word ṣì wà ní ṣíṣí, mẹ́mọ́rì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, broker ṣì ń kà á. Fún ẹni tó ń wọlé láti Ìbàdàn tàbí Èkó, kò tiẹ̀ di dandan kó tẹ X. Iná lọ, ráútà kú, ó ti já. Bí Never bá ṣì wà níbẹ̀, sẹ́ṣọ̀n yẹn á wà níbẹ̀ títí sáfà yóò fi kú.

Láti rí wọn, ẹ kọ `quser /server:SH1`. Àwọn tí wọ́n kọ Disc sí iwájú wọn ni sẹ́ṣọ̀n tó já, àkókò tí wọ́n ti fi jókòó lásán sì wà lábẹ́ IDLE TIME. Bí ẹ bá rí 3+14:20 níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta àti wákàtí mẹ́rìnlá lé ní ogún ìṣẹ́jú nìyẹn.

Wákàtí méjì ni èmi máa ń fọkàn sí fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Nínú PowerShell, pẹ̀lú collection tó ń jẹ́ Isiro: `Set-RDSessionCollectionConfiguration -CollectionName "Isiro" -DisconnectedSessionLimitMin 120`. Ó gùn tó fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ lọ láti tún padà bá iṣẹ́ ẹ̀, ó sì kúrú tó kí àárọ̀ ọ̀la má baà bá òkú sẹ́ṣọ̀n nílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dábàá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò fara mọ́ ọn. Nígbà tí àkókò bá pé, Windows kì í bèèrè bóyá o ti fi iṣẹ́ rẹ pamọ́. Ó ń ti gbogbo ẹ̀ pa ni. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fi LogOff sí `-BrokenConnectionAction`, àfi níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já rárá, ibẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ bá fi ìwọ̀n sí sẹ́ṣọ̀n tó wà ní ṣíṣí láìsí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án, ẹ rántí pé méjèèjì ń ro pọ̀. Idle wákàtí méjì á kọ́kọ́ já a, disconnected wákàtí méjì á wá pa á. Wákàtí mẹ́rin lápapọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: bí Group Policy bá ti sọ nǹkan, ohun tí ẹ kọ nínú Server Manager kò já mọ́ nǹkan. Ẹ wo Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Remote Desktop Services, Remote Desktop Session Host, Session Time Limits. Ẹ tún wo orí sáfà fúnra ẹ̀, ní `HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows NT\Terminal Services`. Bí `MaxDisconnectionTime` bá wà níbẹ̀, òun ni ọba. Mílíìsẹ́kọ́ọ̀ńdì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí náà 7200000 ni wákàtí méjì.

### Ìka ọwọ́ ò dọ́gba

Weight ní ìlò tirẹ̀, ìgbà tí sáfà kò bá dọ́gba. Kì í ṣe iye èèyàn, kì í sì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún. Ìfiwéra lásán ni. 100, 100, 100 àti 50, 50, 50 kò yàtọ̀ síra. Ẹni tó ní 200 máa gba èèyàn méjì níbi tí ẹni tó ní 100 ti gba ẹnì kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a wo RAM nìkan. Sáfà tuntun ní 64 GB, àwọn ti tẹ́lẹ̀ ní 32, a bá kọ 200 sí i. Bí iye core CPU wọn bá dọ́gba, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èèyàn ìlọ́po méjì sórí CPU kan náà ni. Ohun tó bá kọ́kọ́ tán lára sáfà ni kí a fi dá weight, yálà core ni tàbí mẹ́mọ́rì.

### Kí la ó kọ dípò 999999?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí a wọn eku náà kọ́kọ́. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ fi `Get-Process` kó àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ jọ nípa SessionId, kí ẹ ro PrivateMemorySize64 (mẹ́mọ́rì tó jẹ́ ti ètò kọ̀ọ̀kan nìkan) ti sẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ẹ má lo WorkingSet, nítorí mẹ́mọ́rì tí àwọn ètò jọ ń lò á wọlé sínú ìṣirò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà á sì wú ju bó ṣe rí lọ.

Ká ní ó jáde sí 1.5 GB fún ẹnì kan. Sáfà 32 GB, ẹ yọ 4 kúrò fún Windows àti antivirus, ó ku 28. Pín in sí 1.5, ó jẹ́ 18 àti díẹ̀. Ẹni 18 nìyẹn. Lórí Windows Server 2019 sókè, ẹ tún fi User Input Delay per Session nínú Performance Monitor yẹ̀ ẹ́ wò: ó ń sọ iye mílíìsẹ́kọ́ọ̀ńdì tó ń kọjá láàárín ìgbà tí ọwọ́ kan bọ́tìnì àti ìgbà tí ètò gbà á. Bí ìyẹn bá ti ń gòkè nígbà tí èèyàn jẹ́ 14 péré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ CPU ni ìṣòro yín, 18 ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbi tí ìṣirò kò lè bá wa dé. Sáfà mẹ́ta, èèyàn 45, òté 18. Nígbà tí gbogbo wọn bá dúró, 15 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ààyè wà. Bí ọ̀kan bá kú, méjì tó kù máa gba 36, àwọn mẹ́sàn-án á sì dúró síta. Bí a bá gbé òté lọ sí 23, gbogbo 45 á wọlé, àmọ́ 23 lọ́nà 1.5 jẹ́ 34.5 GB, 28 ló sì wà. Sáfà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó mẹ́mọ́rì sórí díìsì, gbogbo wọn á sì máa falẹ̀. Ṣé kí ẹni mẹ́sàn-án má ríṣẹ́ ṣe ni, àbí kí ẹni márùndínláàádọ́ta máa fi ìṣẹ́jú kan dúró de ohun ìṣẹ́jú àáyá kan? Ti ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni láti dáhùn èyí, kì í ṣe ti ẹni tó ń bójú tó sáfà, ó sì dára kí a ti bi í kí sáfà tó kú. Tèmi ni pé 18 ló dára jù: ẹni mẹ́sàn-án tó wà níta á pe fóònù, a ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Èyí tó kàn falẹ̀, wọ́n á máa fara dà á fún oṣù mẹ́fà.

999999 ti dáhùn ìbéèrè yẹn tẹ́lẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni. Ó ní kí gbogbo wọn wọlé.

### Díẹ̀ lára ohun tí ojú máa ń fò

Bí sáfà kan bá ṣófo tí ètò ẹ̀ sì pé, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀ kí ẹ tó wo weight. `Get-RDSessionHost -CollectionName "Isiro"` á fi NewConnectionAllowed hàn, ìyẹn bóyá sáfà ń gba ẹni tuntun. Ẹni tó bá lo `change logon /drain`, àṣẹ tó ń dá ẹni tuntun dúró, kó tó tún sáfà ṣe, tó wá pa á tó tún un tàn, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì lẹ́yìn náà, nítorí drain kì í lọ pẹ̀lú títàn. `/drainuntilrestart` ló yẹ kó lò. Méjèèjì ló ń jẹ́ kí ẹni tó ní sẹ́ṣọ̀n níbẹ̀ padà wọlé, ìyẹn ni wọ́n fi sàn ju `/disable` lọ.

Bí òǹlò bá sì ń bọ́ sórí broker fúnra ẹ̀ dípò sáfà iṣẹ́, fáìlì .rdp rẹ̀ (èyí tó fi ń sopọ̀) ni kò ní ìlà `loadbalanceinfo:s:tsv://MS Terminal Services Plugin.1.` pẹ̀lú orúkọ collection ní ìparí. Orúkọ tó bá gùn, lẹ́tà 16 àkọ́kọ́ nìkan ló ń wà níbẹ̀. QuickSessionCollection á di QuickSessionColl.

Àwọn tó wà lórí Azure Virtual Desktop, irú ètò yìí tó wà lórí cloud Microsoft, ní ìpinnu kan sí i: breadth-first ń tú èèyàn ká sórí gbogbo sáfà, depth-first ń kún ọ̀kan kó tó bọ́ sí èkejì, kí a lè pa àwọn tó kù kí owó má baà lọ. Níbẹ̀, òté sẹ́ṣọ̀n kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré rárá. Depth-first tí kò ní òté gidi, gbogbo èèyàn ló máa kó sórí sáfà kan.

Bí ẹ bá ti yí ohunkóhun padà lónìí, ẹ má wo gíráàfù lónìí. Àwọn tó ti wọlé ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹ jẹ́ kí òru kan kọjá, kí sẹ́ṣọ̀n tó já kú tán, kí ẹ wá kọ èyí ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì:

`Get-RDUserSession -CollectionName "Isiro" | Group-Object HostServer, SessionState -NoElement`

Ìlà tó ní STATE_ACTIVE ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú sí, sáfà kan sí èkejì, kí ẹ tó wo àpapọ̀.